Ìgbì Òkun àti Àwọn tí ń Sọ Bíbọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan lè sọ bí ìgbì ọ̀túnla yóò ti ga tó, kí a má ṣe rò pé iṣẹ́ awo ni. Ìṣirò ni, ogun ni ó sì bí i.

Ní 1942, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń kọ́ bí a ti í gúnlẹ̀ sí etíkun ọ̀tá. Walter Munk, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a bí ní Austria, ṣàkíyèsí pé bí ìgbì bá ga díẹ̀, wọn a dá ìdánrawò náà dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì Mòrókò, níbi tí wọ́n ń lọ gan-an, a máa ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, Harald Sverdrup ará Norway, wá ìlànà kan jáde: bí ẹ̀fúùfù ti le tó, bí ó ti pẹ́ tó, àti bí omi tí ó fẹ́ kọjá ti gùn tó, ni wọ́n fi ń ṣírò gíga ìgbì. Ìlànà yìí wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé nígbà ìgúnlẹ̀ sí Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, 1944.

Ní 1963, Munk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ ìgbì láti òkun gúúsù dé Alaska, ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 1988 ni ètò ìṣirò tí a ń pè ní WAM jáde. Ó pín òkun bí ojú àwọ̀n. Ní ojú kọ̀ọ̀kan ó ń ṣírò agbára tí ẹ̀fúùfù fi kún ìgbì, èyí tí ó ṣòfò nígbà tí ìgbì fọ́, àti èyí tí àwọn ìgbì ń fún ara wọn. Lónìí, a ti ń fi àkọsílẹ̀ àtijọ́ kọ́ kọ̀ǹpútà láti sọ ọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ìjì ńlá kò wọ́pọ̀, nítorí náà àpẹẹrẹ rẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń pani.

Kí ni ó kàn wá? Púpọ̀ nínú ìgbì tí ń fọ́ ní etíkun Èkó ti òkun gúúsù jíjìn wá. Afẹ́fẹ́ lè rọlẹ̀ níhìn-ín kí ìgbì sì dìde. Ní oṣù Kẹjọ 2012, omi òkun gbé ènìyàn lọ ní Kuramo. Ẹni tí ń wo ojú ọ̀run nìkan kò lè rí irú ìgbì àlejò bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé. Ìṣirò lè rí i. Ṣùgbọ́n èdè wo ni a ó fi sọ ọ́ fún apẹja Ìlàjẹ? Lójú tèmi, iṣẹ́ àwa tí ń kọ́ èdè nìyí: kí a tọ àwọn apẹja lọ, kí a gba orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi ìgbì, kí a sì fi wọ́n kọ ìkìlọ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ tí kò yé ẹni tí ń wọ ọkọ̀ kò sàn ju èyí tí a kò sọ rárá.