Abul Kalam Azad, Àáfà tí Ó Di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Íńdíà

Abul Kalam Azad ni àáfà àgbà tí ó kọ́kọ́ di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nígbà tí Íńdíà gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1947. Ìlú Mẹ́kà ni a bí i sí ní ọdún 1888, ọmọ Khairuddin, àáfà ọmọ Íńdíà tí òkìkí ìmọ̀ rẹ̀ kàn jìnnà. Nígbà tí ìdílé rẹ̀ sì padà sí Calcutta ní Íńdíà, inú ilé ni ó ti kéú, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé Òyìnbó rí. Nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wù ú í gbọ́, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣí síwájú, ó ṣí ti Páṣíà àti ti Urdu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀kan tú èkejì títí ó fi mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ní í tií ṣẹnu ṣámúṣámú: kò tíì pé ọmọ ọdún 24 tí ó fi dá ìwé ìròyìn Al-Hilal sílẹ̀ ní 1912, tí ó fi ń rọ àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ìmọ̀ ṣọ̀kan láti gba ilẹ̀ baba wọn.

Ìjọba pa ìwé ìròyìn náà lẹ́nu mọ́, wọ́n sì sé òun fúnra rẹ̀ mọ́ ìlú Ranchi. Ẹ̀wọ̀n tí ó dunni jù lọ ni ti Ahmednagar, níbi tí wọ́n ti òun àti Nehru, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjà òmìnira, mọ́ láti 1942, nígbà tí Azad jẹ́ olórí Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń jà fún òmìnira. Ibẹ̀ ni ó ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ se tíì, tí ó sì ń kọ lẹ́tà. Ibẹ̀ náà ni ó wà ní 1943 tí Zuleikha aya rẹ̀ fi dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò sì bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ wò ó, títí obìnrin náà fi dolóògbé.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ní kí a pín ilẹ̀ náà sí méjì nítorí ẹ̀sìn, Azad kọ̀ jálẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn tirẹ̀ sì bú u gidigidi. Ní oṣù kẹwàá 1947 ó dìde ní Mọ́sáláṣí Ńlá ti Delhi, ó bi àwọn Mùsùlùmí tí ń di ẹrù lọ sí Pakistan, orílẹ̀-èdè tuntun tí wọ́n pín kúrò lára Íńdíà, léèrè ibi tí wọ́n ń sá lọ. Lójú tèmi, ìgboyà ọjọ́ náà kò kéré sí ti ẹ̀wọ̀n.

Orí oyè Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ni Azad wà títí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1958. Ní sáà rẹ̀ ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Kharagpur sílẹ̀ ní 1951, tí ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó owó àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1953, tí àjọ ìwé lítíréṣọ̀ sì tẹ̀lé e ní 1954. Ní 1959 ni ìtàn ìjà òmìnira tí ó sọ sílẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ojú ìwé 30 nínú rẹ̀, ó ti pàṣẹ pé kí a fi pamọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, wọn kò sì ṣí i títí di 1988.