Orúkọ Ẹni ní Ilé Ìwòsàn: Ìtàn Kan láti Bràsíl

Àwọn àgbà ní, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní ilé òrìṣà ní Bràsíl, ọjọ́ tí òrìṣà bá ké orúkọ tuntun ìyàwó rẹ̀ jáde láàárín agbo, gbogbo ilé a hó yèè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé náà bá jẹ́ ẹni tí a bí ní ọkùnrin tí ó ń gbé ìgbé ayé obìnrin, ó lè dé ilé ìwòsàn kí wọ́n fi orúkọ tí kò jẹ́ mọ́ pè é lójú gbogbo èrò. Ẹni tí ìtìjú bá bá bẹ́ẹ̀ lè dìde, kí ó sì gbé àìsàn rẹ̀ padà sílé.

Nígbà tí àrùn éèdì dé Bràsíl ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ìwé ìròyìn pè é ní àjàkálẹ̀ àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin. Àwọn ilé òrìṣà kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i, nítorí ọmọ wọn wà lára àwọn tí ó ń kú. Ní Rio de Janeiro, iṣẹ́ kan tí a ń pè ní Odô-Yá bá àwọn ìyálórìṣà àti bàbálórìṣà jíròrò: abẹ tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹnì kan kò gbọdọ̀ kan ara ẹlòmíràn. Orò dúró bí ó ti wà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní abẹ tirẹ̀. Ní ọdún 2003, ní São Luís, àwọn ilé òrìṣà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà nítorí ọ̀rọ̀ ìlera.

Ìjọba pẹ̀lú kò káwọ́ gbera. Ìwé-òfin ọdún 1988 sọ pé ìlera jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn àti ojúṣe ìjọba. Òfin 9.313 ti ọdún 1996 sọ oògùn HIV di ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, oògùn ọ̀fẹ́ kò wúlò fún ẹni tí ẹ̀rù ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ń bà. Nítorí náà ni ìlànà ọdún 2009 fi pa á láṣẹ pé kí a pe aláìsàn ní orúkọ tí ó ń jẹ́ láwùjọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ìlànà ìlera àpapọ̀ fún àwọn ènìyàn LGBT jáde. Ní ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin tí ó ń dí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Ẹ̀yin ará, kí a má tan ara wa. Nínú àwọn ilé òrìṣà pàápàá, àríyànjiyàn kò tíì tán lórí aṣọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wọ̀ àti ipò tí yóò dì mú nínú agbo. Òfin ti sọ fún akọ̀wé ilé ìwòsàn pé kí ó pe ènìyàn ní orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí ilé tí ó sọ ọmọ náà lórúkọ jẹ́ èyí tí yóò máa lọ́ra láti pè é.

Kí orúkọ wa má ṣe sọnù lẹ́nu ará ilé wa. Àṣẹ.