Ibà ọmọdé: 'Plus' tó wà lórí ìwé àyẹ̀wò kọ́ ló ń sọ bó ṣe le tó

Bí ẹ bá ti gbé ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà rí n'Ílọrin, ẹ ó mọ ìwé pélébé yẹn dáadáa: "MP ++". Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde nílé ni pé, "Plus mélòó ni?" Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ìjáyà dé nìyẹn.

Àmọ́ plus yẹn ò sọ bí àìsàn náà ṣe wọ ọmọ lára tó. Ọmọ tó ní plus kan lè wà nínú ewu ju ẹni tó ní mẹ́ta lọ.

Kí ló fà á?

Kòkòrò ibà tó ń pààyàn jù lọ níbí, Plasmodium falciparum, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Tó bá ti dàgbà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á lọ lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ, kíndìnrín àti ìfun. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gún lórí ìka ò lè fi àwọn tó ti sá pamọ́ hàn. Lọ́wọ́ kejì, ọmọ tí ẹ̀fọn ti jẹ láìmọye ìgbà lè ní kòkòrò púpọ̀ lára, kó sì máa sáré kiri.

Kí wá ni ká wò nínú ẹ̀jẹ̀?

*PCV.* Èyí ni ìpín tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò ibà ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí jẹ́. Tí kòkòrò bá pọ̀ lára ọmọ, tí PCV rẹ̀ sì já sí 15 nínú 100 tàbí kó kéré sí i, ibà tó le ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kà á sí. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà á ti máa funfun.

*Ṣúgà.* Ọmọ ò jẹun, ara ń jó ṣúgà, kòkòrò náà ń jẹ nínú ẹ̀. Tó bá lọ sílẹ̀ ju 2.2 mmol/L, ìyẹn 40 mg/dL, ewu dé. Gìrì lè mú ọmọ, tàbí kó má mọ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò lè sọ èyí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn kan ń fún ọmọ tí gìrì mú fi léwu gan-an: òun fúnra rẹ̀ ń fa ṣúgà wálẹ̀.

*Lactate.* Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ráyè dé inú ẹran ara, ásíìdì á máa kóra jọ. Láti 5 mmol/L lọ sókè, ibà náà ti le. Ọmọ á máa mí kíákíá, á sì máa fa èémí jinlẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé àyà ló ń dà á láàmú.

*Creatinine, urea àti bilirubin.* Méjì àkọ́kọ́ ń sọ ipò kíndìnrín. Ìkẹta ló ń jẹ́ kí ojú pọ́n.

Iye kòkòrò ò já mọ́ nǹkan kan kọ́ o. Tí wọ́n bá kà á, tó sì ju sẹ́ẹ̀lì 10 nínú 100 lọ, ó ti le. Kíkà gidi ni, kì í ṣe plus.

Ipa tí Ìlọrin kó

Láàárín 2005 sí 2010, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní AQUAMAT lórí ọmọ 5,425 tí ibà tó le mú, ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án. Ìlọrin wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é. Abẹ́rẹ́ artesunate àti quinine ni wọ́n fi wéra. Nínú 100 ọmọ tó gba quinine, bíi 11 ló kú. Nínú àwọn tó gba artesunate, ó lé díẹ̀ ní 8. Lọ́dún 2011, WHO ní artesunate ni kí wọ́n máa fún àwọn ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n tún wo ohun tó ya àwọn tó kú sọ́tọ̀, nǹkan márùn-ún ló yọ: ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀, àìmọ nǹkan kan mọ́, gìrì, urea tó ga, àti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ti wà lára ọmọ tẹ́lẹ̀. Iye kòkòrò ò sí níbẹ̀.

Kí lẹ lè ṣe?

Tí gìrì bá mú ọmọ, tí ò lè jókòó tàbí mu omi, tó ń bì gbogbo nǹkan, tí mímí rẹ̀ yí padà, tí ojú rẹ̀ pọ́n tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi Coke, ẹ má dúró de èsì kankan. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ má ki nǹkan bọ ẹnu ọmọ tí ò mọ nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fi "plus mélòó" sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: "PCV rẹ̀ ńkọ́? Ṣúgà rẹ̀ ńkọ́?" Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti lè wọn lactate, ṣùgbọ́n méjì yìí ò gba ẹ̀rọ ńlá. Nínú gbogbo ẹni tí ibà ń pa lágbàáyé, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ti Nàìjíríà, ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìbéèrè méjì yẹn lè dá ẹ̀mí ọmọ kan sí.