Ọtí Tí Ó Ń Gbó: Wáìnì Pupa Bordeaux Nínú Ìtàn



Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ẹmu kì í dúró de ẹnì kan. Èyí tí adẹ́mu gbé wá ní òwúrọ̀ a máa dùn. Bí ó bá fi di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Nítorí náà, nígbà tí mo dé Pauillac, ní agbègbè Médoc ní ìhà àríwá ìlú Bordeaux, ní ọdún 1986, tí olóko àjàrà tí ó gbà mí lálejò ṣí ìgò wáìnì pupa ọdún 1961, ẹnu yà mí. Ọdún 25! Ó tan àbẹ́là sí ẹ̀yìn ọrùn ìgò náà, ó ń rọra dà á sí ìgò mìíràn kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà tẹ̀lé e. Àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní elésè àlùkò, ó ti sún mọ́ ti bíríkì. Ó ń ta sánsán bí ewé tábà gbígbẹ, kò sì fún ẹnu pọ̀ rárá. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìrì dídì oṣù karùn-ún ọdún 1961 ba àjàrà púpọ̀ jẹ́, àti pé ìwọ̀nba èso tí ó kù ni ó jèrè ọdún náà.

Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé láti ayébáyé ni wọ́n ti ń bu ọlá fún ọtí tí ó gbó. Èrò náà kò tọ̀nà.

Ní ọdún 1152 ni Eleanor, ẹni tí ó jogún ilẹ̀ Aquitaine, fẹ́ Henry tí ó di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1154. Abẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Bordeaux wà fún nǹkan bí 300 ọdún, títí di 1453. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ni ọkọ̀ ń wá kó ọtí tuntun. Bí tuntun bá ti dé ọjà, owó ti èṣí a já wálẹ̀, nítorí inú àgbá onígi ni ọtí wà, afẹ́fẹ́ sì ń bà á jẹ́. Kí ni èyí bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹmu gan-an?

Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Àwọn ará Họ́láńdì ń sun imí-ọjọ́ nínú àgbá kí ọtí má baà kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi iná èédú ilẹ̀ rọ ìgò tí ó lágbára. Kọ́ọ̀kì sì di ẹnu rẹ̀ pinpin. Nígbà tí ó yá, wọ́n rọ ìgò tí a lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tí ọtí yóò fi máa rin kọ́ọ̀kì. Inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni oje kíkorò ara èèpo àjàrà ti ń so pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń rọ̀, tí ó sì ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ ni ó fún wáìnì ní ọjọ́ ogbó.

Ní ti ètò ipò ti ọdún 1855 tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, èyí tí àwọn alágbàtà Bordeaux ṣe fún àfihàn ńlá Paris ní ayé Napoléon III, iye owó ni wọ́n wò. Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion ni ó wà ní ipò kìíní. Mouton kò dé ibẹ̀ títí di 1973. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí. Kí n tó kúrò ní Pauillac, ọkùnrin náà bu ọtí ọdún 1985 fún mi láti inú àgbá. Ó fún mi lẹ́nu pọ̀. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sílẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ayé ijọ́un kò pupa tó o, ọtí tuntun inú àgbá bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń kó lọ sí ààfin ọba ní London.