Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Kí Ìtọ̀ Ṣúgà àti Àrùn Ọkàn Tó Dé

"Kò ṣàìsàn rárá, ó kàn ṣubú lulẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ nílé ọ̀fọ̀. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Lóòótọ́, ọwọ́ Ọlọ́run ni àkókò oníkálukú wà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ti ń kìlọ̀ láti ọdún pípẹ́. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kì í sábà dé lójijì. Nǹkan méjì ló sábà ń ṣáájú wọn: ìwúlé abẹ́nú, àti kí ara máa kọ etí ikún sí ínsúlínì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi méjèèjì hàn, bí a bá mọ bí a ṣe ń ka èsì rẹ̀.

Ìwúlé abẹ́nú

Bí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì gbóná. Ara ló ń jà fún wa. Bí ẹ̀gún bá ti jáde, ìjà parí. Ṣùgbọ́n ìjà kan wà tí kì í dunni, tí kì í sì í tètè parí. Ọ̀rá tó kóra jọ sínú ikùn, sìgá mímu, àìsùn dáadáa àti èrìgì tó ń ṣàìsàn lè mú kí ara máa jà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjà yìí á máa ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ọ̀rá á sì ríbi dì mọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ara bá ń jà, ẹ̀dọ̀ máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ CRP sínú ẹ̀jẹ̀. William Tillett àti Thomas Francis ló kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1930. Lónìí, àyẹ̀wò hs-CRP lè rí i bó ti wù kó kéré tó. Bí kò bá tó míligíráàmù 1 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ewu àrùn ọkàn kéré. 1 sí 3 wà láàárín. Bó bá ju 3 lọ, ewu pọ̀.

Lọ́dún 1997, Paul Ridker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láàárín àwọn ọkùnrin tí ara wọn dá ṣáṣá, àwọn tí CRP wọn ga jù ní ewu ìkọlù ọkàn ní ìlọ́po mẹ́ta, àti ewu rọpárọsẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ju àwọn tí tiwọn kéré jù lọ.

Etí ikún sí ínsúlínì

Ínsúlínì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kí ó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ara bá ń kọ etí ikún sí i, ara á máa pèsè púpọ̀ sí i, bí ìyá tó ń pariwo mọ́ ọmọ tí kò fẹ́ dáhùn. Nígbà ariwo yìí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣì lè wà bó ṣe yẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ara bá rẹ̀ tí kò lè pariwo mọ́ ni ṣúgà á wá lọ sókè. Ọ̀rá ikùn ló so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: àwọn èròjà ìwúlé tó ń tú jáde wà lára ohun tó ń di ara létí sí ínsúlínì.

Lọ́dún 1985, àwọn olùwádìí ní Oxford gbé ìṣirò HOMA-IR jáde: ẹ fi ínsúlínì òwúrọ̀, kí a tó jẹun, sọ ṣúgà òwúrọ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 22.5 pín in. Bí ínsúlínì bá jẹ́ 5, tí ṣúgà jẹ́ 5.0 mmol/L, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.1. Bí ínsúlínì bá jẹ́ 15, tí ṣúgà jẹ́ 5.4, èsì rẹ̀ jẹ́ 3.6. Ṣúgà ẹni kejì yìí kò ga, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń kọ etí ikún. Kò sí òǹkà kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Dókítà ni yóò túmọ̀ rẹ̀.

Àyẹ̀wò HbA1c ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí kò bá tó 5.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dára, 5.7 sí 6.4 jẹ́ ìkìlọ̀, 6.5 sókè ń tọ́ka sí ìtọ̀ ṣúgà.

Ibi tí èsì ti lè ṣini lọ́nà

Àkọ́kọ́, ibà, ikọ́ tàbí egbò lè gbé CRP kọjá 10. Ẹ má ṣe bẹ̀rù. Bí ara bá yá, ẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tún un ṣe.

Ìkejì, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC kì í pẹ́ nínú ara, nítorí náà HbA1c rẹ̀ lè kéré ju bí ṣúgà rẹ̀ ṣe rí gan-an lọ. Àwọn ẹ̀rọ kan lè ṣi ti AS náà kà. Ẹ sọ jẹnotáìpù yín fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò.

Ìkẹta, lára àwọn òyìnbó, triglyceride, irú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kan, sábà máa ń ga bí ara bá ti ń kọ etí ikún. Ìwádìí Anne Sumner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè má ga rárá. Kí èsì yìí má fọkàn wa balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ni ká ṣe?

Bí owó kò bá pọ̀, ẹ má ra gbogbo àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà òwúrọ̀ tàbí HbA1c, kí ẹ sì fi téèpù wọn ìbàdí. Bí ti ọkùnrin bá tó sẹ̀ńtímítà 94, tàbí ti obìnrin tó 80, ó yẹ ká fura. Ẹni tí òbí rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà, àti obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ ga nígbà oyún, kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Dókítà lè wá fi hs-CRP àti ínsúlínì kún un.

Fún ṣúgà òwúrọ̀ àti ínsúlínì, ó kéré tán, wákàtí 8 láìjẹun; omi kò ba èsì jẹ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kí Ramadan tó wọlé.

Ìkìlọ̀ yìí ṣeé yí padà. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002 tọpa àwọn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ń ga díẹ̀. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn sapá láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn. Ti àwọn tó lo oògùn metformin fi 31 dín kù.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ mú bàbá àti ìyá lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí ara wọn ṣì le, kí ẹ̀yin náà sì yẹ ara yín wò.