Ẹni Tó Ṣàlàyé Àbẹ́là

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n rán àwa mẹ́rin tí a kọ áàpù kan lọ sọ́jà, pé ká lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá tí yóò máa fi gba owó. A sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. A dárúkọ sáfà, a dárúkọ nẹ́tíwọ̀kì, a tún yàwòrán sí pátákó. Nígbà tí a ṣe tán, ìyá aláta kan bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀yin ọmọ mi, tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ nígbà tí wọ́n ń sanwó fún mi lọ́wọ́, níbo lowó mi wà?" A wo ojú ara wa. Gbogbo wa la mọ ìdáhùn, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ kó yé ìyá náà.

Ọmọbìnrin tó máa ń gba ìpè àwọn oníbàárà ló yọ wá. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká ní oníbàárà yín fi owó rán ọmọdé sí yín. Tí ọmọ náà dé, tí kò bá yín ní ìsọ̀, ṣé owó ti sọnù ni? Rárá o, á gbé e padà fún ẹni tó rán an ni. Torí náà, ẹ má tíì gbé ata fún oníbàárà títí ẹ ó fi rí ọmọ náà." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i.

Nígbà tí oṣù parí, owó tí wọ́n san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀. Èrò ibi iṣẹ́ wa ni pé àwa la ṣiṣẹ́, òun kàn sọ̀rọ̀ ni. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ìtàn kan tí a kà lẹ́yìn náà ló yí wa lọ́kàn padà, òun la sì fẹ́ sọ fún yín.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1799, àwọn ọlọ́lá kan dá ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Royal Institution. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àmọ́ wọ́n tún ń ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìlú láti wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́místrì, ni èrò ń wọ́ tọ̀ nígbà náà. Lára àwọn tó wá gbọ́ ọ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Jane Marcet. Ọ̀rọ̀ Davy dùn létí rẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ kò yé e. Ìgbà tó délé, tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ ọ́, tí wọ́n jọ tú u wò, ló tó yé e.

Ẹ ò rí nǹkan? Marcet kò fi òye yẹn pamọ́. Ó kọ ìwé kan tó pè ní Conversations on Chemistry, tí wọ́n kọ ọdún 1806 sí iwájú rẹ̀. Olùkọ́ kan, Ìyáàfin B., ń bá ọmọbìnrin méjì, Emily àti Caroline, sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dá wọn lóhùn. Marcet kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí orúkọ rẹ̀ tó hàn lára rẹ̀.

Ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan wà tó ń jẹ́ Michael Faraday. Lọ́dún 1791 ni wọ́n bí i. Ilé wọn kò rí jájẹ: nígbà kan tí oúnjẹ wọ́n, búrẹ́dì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún un, òun ni yóò sì jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ran ìwé, tó ń fi awọ bò ó. Ọdún méje ni yóò fi kọ́ṣẹ́ kó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mìíràn lè ran ìwé tán kí wọ́n gbé e fún oníwèé. Faraday kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń ka ohun tó ń ràn. Ìwé Marcet wà lára wọn. Ó máa ń fi ìwọ̀nba owó tó ní dán ohun tí ìwé sọ wò, bó bá sì rí i pé òótọ́ ni, á tún ka sí i.

Lọ́dún 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ Davy. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló lọ. Ó kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ran án di ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy fúnra rẹ̀ pé òun ń wáṣẹ́. Davy ní kò tíì sí àyè. Kò pẹ́, ẹni tó ń ran Davy lọ́wọ́ bá ẹnìkan jà nínú ilé náà, wọ́n sì lé e dànù. Ní March 1813, Faraday bọ́ sáyè rẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀, pẹ̀lú yàrá méjì lókè ilé.

Ẹ ti mọ èyí tó kù. Lọ́dún 1831, Faraday fi hàn pé tí òòfà bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà tí wọ́n ká, iná mànàmáná á sáré gba inú wáyà náà. Orí ọgbọ́n yẹn ni jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé yín ń ṣiṣẹ́ lé.

Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí ni pé ọkùnrin yìí kò ka àlàyé sí iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ó sanwó kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Bó bá ń dánilẹ́kọ̀ọ́, káàdì kan máa ń wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ "rọra" sí, kó má bàa sáré sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1825, ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́. Láàárín 1827 sí 1860, ìgbà mọ́kàndínlógún ni Faraday fúnra rẹ̀ ṣe é. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn dá lórí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́bọ̀ rà: àbẹ́là.

Tí wọ́n bá mú iná lálẹ́ òní, ẹ dán an wò. Ẹ tan àbẹ́là, ẹ gbé ṣíbí tútù sókè iná náà díẹ̀. Ẹ ó rí ìrì lára ṣíbí. Omi ni. Inú iná ni omi ti jáde! Ẹ fẹ́ àbẹ́là náà pa, ẹ sì yára gbé ìṣáná tó ń jó sínú èéfín funfun tó ń gòkè. Iná á fò gba inú èéfín padà sórí òwú. Ìyẹn á fi yé yín pé òwú nìkan kọ́ ló ń jó: ọ̀rá ń yọ́, ó ń gba ara òwú gòkè, ó ń di ooru, ooru náà ló ń jó. Faraday gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí mímí wa, pé èémí tí à ń mí náà jọ jíjó àbẹ́là. Ọmọdé tó wọlé wá wo iná jáde pẹ̀lú ìmọ̀ nípa ara rẹ̀.

Ẹ wá ka ẹ̀wọ̀n náà padà. Davy sọ ọ́, kò yé Marcet. Marcet tú u, ó yé ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ fún ayé ní iná. Tí a bá yọ obìnrin tí kò fi orúkọ síwèé yẹn kúrò, ṣé Faraday ì bá ti fi ìwé rírán sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè búra, àmọ́ Faraday mọ̀ ọ́n lóore títí ó fi dàgbà, ó sì máa ń fi ìwé ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ẹ má sì rò pé òkè òkun nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà. Àwọn èèyàn bẹ̀rù pé àwọn ọmọ náà á rẹ̀yìn. Wọn ò rẹ̀yìn. Kódà, wọ́n ṣe dáadáa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ẹnìkan ní láti jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, kó wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò ní orúkọ. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe eré.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa tí à ń kọ kóòdù la rò pé ọwọ́ wa tó ibi gbogbo. Ọmọbìnrin tó yọ wá lọ́jà ti fi ibi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, torí owó rẹ̀ kò gbọ́ bùkátà. Lẹ́yìn tó lọ, àwọn ìyá ọlọ́jà ń pè, àwa là ń gbé e, à ń dárúkọ sáfà fún wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù wọn. Kóòdù wa kò bàjẹ́ o. Kò kàn sí ẹni tó lè sọ fún ìyá aláta ibi tí owó rẹ̀ wà ni.

Torí náà, ìwọ tó mọ sáyẹ́ǹsì, tó sì mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, tí wọ́n ń bi nílé pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn jẹ: sọ ìtàn Marcet fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbani síṣẹ́, ẹ san owó àlàyé.