Àwọn Ilé Sinimá Àtijọ́ àti Ilé Àjogúnbá Ìlú Èkó

Gbọ̀ngàn Glover tó wà ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han aráàlú ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Ilé-iṣẹ́ Balboa láti Barcelona ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì lọ́wọ́ sí ètò náà. Ìrántí Gómìnà John Glover ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn ọ̀hún, eré orí ìtàgé sì gbilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: ibẹ̀ ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944.

Nígbà tó yá, ilé sinimá gan-an wá pọ̀ káàkiri: Rialto, Regal, Casino ní Yábà, Pen ní Agége. Fíìmù Amẹ́ríkà, ti Índíà àti ìjà àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ń fi hàn jù. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá ìgbà náà ni kò ní òrùlé láàárín. Ẹni tó bá sanwó gọbọi a jókòó lábẹ́ páànù, ẹni tówó rẹ̀ kéré a wà lórí bẹ́ǹṣì ní gbangba, bójò bá sì dé, kóńkó jabele ni, kálukú a wá ibi forí pamọ́ sí.

Fíìmù Yorùbá ló wá sọ wọ́n di tiwa. Àjàní Ògún jáde ní 1976, Aiyé ti Ògúndé sì tẹ̀ lé e ní 1979. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló ń gbé fíìmù rẹ̀ kiri, tí í jókòó tì í kí wọ́n má baà jí i dà kọ. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ náà ló ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá aláwàdà: àwọn olè da Ọ̀run Móorú, fíìmù rẹ̀ ti 1982, sínú kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kásẹ́ẹ̀tì yìí kan náà, pẹ̀lú náírà tó ń já wálẹ̀ àti ìbẹ̀rù ìrìn òru, ló pa àwọn ilé sinimá. Àwọn kan di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn di ilé ìkẹ́rùsí. Ní Agége, orúkọ ló ṣẹ́kù: gbogbo onídánfó ṣì ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní Pen Cinema.

Ilé àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú Brazil darí wálé, náà jẹ nínú ìyà yìí. Ilójo Bar ní Tinúubú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855, ní ojú fèrèsé roboto àti òpó tí kò lẹ́gbẹ́. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìkéde láìsí owó àtúnṣe fún onílé kò lè gba ilé kankan là, pàápàá níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bíi góòlù.

Kì í ṣe gbogbo ibi àjogúnbá Èkó ló parun. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street ti di Freedom Park láti 2010. Ìtàgé ló wà níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣeré, wọ́n ń fi fíìmù hàn nínú ọgbà náà.